Ampilifáyà mi ń kùn ṣáá: ṣé kí n ra sítébíláísà ni?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ohun tí mo sì fi ń gbádùn ara mi báyìí ni àwo jùjú àti àpàlà mi. Mo ní ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo, mo ní ampilifáyà àti sípíkà ńlá méjì, mo sì so dìkódà mọ́ ọn kí n lè máa fi gbọ́ ìròyìn. Ampilifáyà yìí ń kùn ṣáá, "hùùùn", kódà nígbà tí n kò fi àwo kankan sí i. Bí a bá wà lórí ínfátà, ariwo náà á tún yí padà, á máa ha létí. Lálẹ́, tí iná bá rẹlẹ̀, ohùn á fọ́ bí mo bá gbé e sókè díẹ̀. Ọmọ tó ń ta ẹ̀rọ ní Wuse ní kí n ra sítébíláísà ńlá àti wáyà iná olówó gọbọi kan tó máa fọ iná mọ́. Ṣé kí n rà wọ́n?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ìṣòro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó pọ̀ yìí: kíkùn, ariwo orí ínfátà, àti ohùn tó ń fọ́ lálẹ́. Ohun tó fa ọ̀kan kọ́ ló fa èkejì, kò sì sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó lè wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn. Orí kíkùn ni n ó ti pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn ń náwó dànù.

Ẹ pa ampilifáyà. Ẹ yọ gbogbo wáyà tó ń gbé ohùn wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ti àwo, ti dìkódà, gbogbo rẹ̀ pátá. Kí ó ku wáyà iná àti ti sípíkà nìkan. Ẹ wá tàn án. Bí ó bá ṣì ń kùn, inú ampilifáyà fúnra rẹ̀ ni àìsàn wà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn àwọn nǹkan kékeré tó ń tọ́jú iná pa mọ́, ti gbó, torí ooru àti ọjọ́ orí máa ń gbẹ wọ́n; oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, ara ampilifáyà yín le, ìta ni ariwo ti ń wọlé. Ẹ wá dá àwọn wáyà náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa pa á kí ẹ tó so òmíràn. Èyí tí ẹ bá so tí kíkùn fi padà dé, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn nìyẹn.

Tí wọ́n bá ní kí n sọ èyí tí mo fura sí, dìkódà ni, pàápàá wáyà tó ti ara díìṣì orí òrùlé sọ̀kalẹ̀. Irin díìṣì kan ògiri tàbí páànù, ó sì gba ibẹ̀ kan ilẹ̀. Ampilifáyà náà kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lòun gbà. Ilẹ̀ méjèèjì kì í sábà wà ní fólítì kan náà, nítorí náà iná kékeré á máa ti ọ̀kan ṣàn lọ sí èkejì, ara wáyà ohùn yín ló sì ń gbà kọjá. Iná Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lílọ bíbọ̀ yẹn gan-an ni etí yín ń gbọ́.

Ẹ kó ampilifáyà, dìkódà, tẹlifísọ̀n àti ẹ̀rọ àwo sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí wọ́n máa lo earth kan náà, ìyẹn wáyà tó so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀. Wọn kì í jẹ iná púpọ̀, ẹ̀kisítẹ́ńṣọ̀n kan tó dára yóò gbé wọn. Bí dìkódà tàbí tẹlifísọ̀n yín bá ní ojú optical, tí ampilifáyà náà sì ní in, ẹ fi wáyà optical so wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ohùn nínú rẹ̀, kò sí bàbà níbẹ̀ tí iná lè gbà. Bí kò bá sí, ẹ wá ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator, kí ẹ fi sáàárín wáyà ohùn dìkódà àti ampilifáyà.

Ẹ̀rọ àwo ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohùn tó ń ti ẹnu abẹ́rẹ́ jáde kéré gan-an, mílífólítì mẹ́ta sí márùn-ún péré ni fún èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ampilifáyà ní láti sọ ọ́ di ńlá, ìdọ̀tí tó bá sì bá a wọlé á di ńlá pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí wáyà tín-ín-rín kan tí kì í ṣe ti ohùn. Ẹ dè é mọ́ ibi tí wọ́n kọ GND sí lẹ́yìn ampilifáyà. Ọ̀pọ̀ ilé ni mo ti dé tí wáyà yìí kàn ń fì lásán. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ àwo lé orí ampilifáyà, torí abẹ́rẹ́ yóò máa gbọ́ tíránsífọ́mà inú rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ gé wáyà earth nínú pílọ́ọ̀gì, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta sórí pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, pé kíkùn á dáwọ́ dúró. Lóòótọ́, ó lè dáwọ́ dúró. Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọjọ́ tí wáyà kan bá já nínú ampilifáyà tó sì kan irin ara rẹ̀, wáyà earth yẹn ló máa gbé iná náà lọ tí fíùsì á fi jó. Bí kò bá sí, ọwọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ kàn án ni iná máa gbà. Àwọn ọmọ-ọmọ ń wá kí yín nílé yẹn.

Ilẹ̀ Àbújá fúnra rẹ̀ ń dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Àpáta pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ kan á sì gé ọ̀pá earth dànù nígbà tó bá kọ̀ tí kò wọlẹ̀ mọ́. Láti Oṣù Kọkànlá títí òjò fi máa padà dé, ilẹ̀ á gbẹ gangan, ilẹ̀ gbígbẹ kò sì gba iná dáadáa. Earth tó ń ṣiṣẹ́ ní Oṣù Kẹjọ lè má jẹ́ nǹkan kan ní Oṣù Kejì. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní earth tester, kí ó wọ̀n ọ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Bí kò bá dára tó, kí ó ri ọ̀pá kejì, kí ó fi jìnnà sí ti àkọ́kọ́ tó gígùn ọ̀pá náà, ó kéré tán, kí ó sì so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀bá ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà dára, torí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tètè gbẹ. Kí ó fi ìdè bàbà dì í. Kí ó má kàn wé wáyà mọ́ ọn lọ́rùn. Kí ó tún fi ẹ̀rọ RCD, tí ń já iná bí mílíáḿpù 30 bá ń jò sílẹ̀, sí bọ́ọ̀dù yín. Ìyẹn kì í ṣe fún orin, fún ẹ̀mí ni.

Kí oníṣẹ́ náà tó lọ, kí ó pa iná láti orí mítà, kí ó yẹ gbogbo ibi tí wọ́n ti fi ṣúkúrù de wáyà wò nínú bọ́ọ̀dù, ní pàtàkì neutral, wáyà tí iná ń gbà padà. Bí ó bá jẹ́ féèsì mẹ́ta ló wọ ilé yín, tí bọ́ọ̀bù kan ń tàn kọjá ààlà nígbà tí òmíràn ń ṣókùnkùn, neutral ti fẹ́ já nìyẹn. Ẹ pa gbogbo iná ilé lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, torí fólítì lè gòkè débi tí yóò jó ohun gbogbo.

Ti alẹ́ ńkọ́? Níbẹ̀ ni sítébíláísà ti wúlò. Bí iná bá já láti fólítì 230 sí 160, agbára tí ampilifáyà àtijọ́ bíi tiyín lè gbé jáde á kù sí bí ìdajì. Bí ẹ bá gbé e sókè, yóò tètè dé òpin agbára rẹ̀, ohùn á fọ́, ó sì lè jó sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín. Ẹ kọ́kọ́ wọn iná yín láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn pẹ́ jù lójúmọ́, kò yí i padà, torí iye wákàtí ni wọ́n fi ń ka Band A, wọn kì í fi fólítì kà á. Bí ó bá rẹlẹ̀ lóòótọ́, sítébíláísà kékeré onímọ́tò tó ń gbé ampilifáyà nìkan ti tó. Ẹ má so ó pọ̀ mọ́ fíríìjì. Kò ní fọwọ́ kan kíkùn o.

Ariwo orí ínfátà, ẹ wo ara ínfátà náà. Bí wọn kò bá kọ "pure sine wave" sí i, àfàìmọ̀ kí ìgbì iná rẹ̀ má jẹ́ onígun, tíránsífọ́mà ampilifáyà á sì máa pariwo bó bá jẹ ẹ́. Kò sí oògùn gidi fún un ju kí ẹ pààrọ̀ ínfátà lọ. Àwọn ṣájà olówó pọ́ọ́kú àti rẹ́gúlétọ̀ fáànù náà máa ń da ariwo sínú iná. Ẹ pa wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wáyà olówó gọbọi yẹn, rárá. Iná yín ti rin ọ̀nà jíjìn láti ibùdó iná Shiroro dé Katampe ní Àbújá lórí wáyà gíga, ó gba tíránsífọ́mà àdúgbò, ó gba wáyà inú ògiri yín. Wáyà tí kò gùn ju mítà kan lọ, tó wà ní ìparí ọ̀nà, kò lè fọ ohun tí gbogbo ìyẹn ti dà sí i. Owó rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe earth.

Iṣẹ́ earth náà, ẹ ṣe é kí òjò Oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀. Bí ààrá bá ń sán, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kí ẹ sì yọ wáyà díìṣì kúrò lẹ́yìn dìkódà pẹ̀lú. Ẹni tó bá yọ pílọ́ọ̀gì nìkan ṣì fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ààrá.