Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ṣọ́ọ̀bù pátákó

Ọ̀gá wa tó béèrè bóyá kí òun ra ọkọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ (ọkọ̀ tí apá gígùn ara rẹ̀ ń gbé èèyàn gòkè) tí wọ́n fi lọ̀ òun, torí pé owó háyà ti ń jẹ èrè òun tán, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ń ṣe pátákó àti lẹ́tà 3D ní Ìkẹjà, irú ọkọ̀ yẹn sì ti wà lọ́wọ́ mi, ó ti pẹ́ díẹ̀. Tó bá jẹ́ torí owó háyà nìkan lẹ ṣe fẹ́ rà á, ẹ fi owó yín sápò. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi wọnú iṣẹ́ àtúnṣe ni, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́.

Pátákó tuntun ò lè bọ́ ọkọ̀ yìí. Ẹ ronú sí àwọn iṣẹ́ tuntun tí ẹ gbé sókè láìpẹ́. Èyí tó tóbi nínú wọn, irin rẹ̀ wúwo débi pé Hiab, ọkọ̀ tó ní kéréènì, lẹ máa pè, ọkọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì ò sì lè ṣe iṣẹ́ Hiab. Èèyàn àti irinṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Mo ti rí àwọn tó so okùn mọ́ apá rẹ̀ kó lè bá wọn fa férémù sókè. Apá yẹn lè má ṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ni á máa sán díẹ̀díẹ̀, tí ẹni ẹlẹ́ni á wá wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tó bá já. Iṣẹ́ tó kéré ńkọ́, lẹ́tà Alucobond (pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù tó ní rọ́bà láàárín) níwájú ṣọ́ọ̀bù? Àkàbà àti sikáfóòdù ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà lẹ sì ṣe ń ṣe é bọ̀.

Inú àtúnṣe ni owó wà. LED máa ń kú lẹ́yọ lẹ́yọ. Pawa páákì, àpótí kékeré tó ń sọ iná di èyí tí LED ń lò, máa ń jó nígbà tí iná bá dé pẹ̀lú agbára òjijì, tàbí tí òjò bá rójú wọnú àpótí. Lẹ́tà kan á ṣókùnkùn lára orúkọ báńkì, gbogbo àdúgbò á máa kà á ní ìkàkukà lálaalẹ́. Iṣẹ́ wákàtí kan ni láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n sikáfóòdù á gba ìdajì ọjọ́ láti tò àti láti tú, onílé á máa kùn pé ẹ dí ẹnu ọ̀nà, owó tí ẹ máa pè á wá ga ju ohun tó bàjẹ́ lọ. Oníbàárà á ní kí ẹ fi sílẹ̀ ná. Tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, ẹ dé ibẹ̀, ọmọ iṣẹ́ gòkè, ó pààrọ̀ páákì, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti kọrí sí ibòmíràn. Ilé epo, ilé oògùn, ilé oúnjẹ, báńkì, àwọn tó ní ẹ̀ka káàkiri Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn ni kí ẹ lọ bá. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn pé ẹ óò máa yí ẹ̀ka wọn po lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n máa san iye kan pàtó, yálà nǹkan bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́. Lọ́dọ̀ tèmi, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ló ń ra epo ọkọ̀, òun náà ló ń san owó dírẹ́bà.

Torí náà, kí ẹ tó lọ wo ọkọ̀ kankan, ẹ gbé ìwé iṣẹ́ ọdún tó kọjá sílẹ̀. Ẹ gbójú kúrò lára owó háyà. Ẹ ka àwọn àtúnṣe tí wọ́n pè yín sí tí ẹ ò lọ, torí pé owó gígùnkè ò jẹ́ kó bójú mu. Tí ẹ ò bá rántí èyíkéyìí, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Wọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà 42 ni ti èyí tí wọ́n fi lọ̀ yín. Ẹ mọ̀ pé ibi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ máa dé ni wọ́n ń kà bẹ́ẹ̀: ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì á wà ní nǹkan bíi 37, wọ́n á wá fi 5 kún un fún ẹni tó dúró nínú rẹ̀. Ó tó fún ilé alájà mẹ́ta tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń dá wa lóró jù. Plásà ní gọ́tà níwájú, ó ní ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó ní ọgbà, àwọn ìyá oníṣòwò tún ti na agboòrùn síbẹ̀, ọkọ̀ yín á wá dúró létí títì. Tí apá ò bá lè nà gba orí gbogbo ìyẹn kọjá, kí lẹ fẹ́ fi gíga rẹ̀ ṣe? Àwòrán kan wà nínú ìwé ọkọ̀, wọ́n sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀ nígbà mìíràn, tó ń fi hàn bí apá ṣe ń nà sí ẹ̀gbẹ́. Òun ni kí ẹ béèrè fún.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nì kan sábà máa ń gba pọ́n-ùn 300 sí 400. Ọ̀ọ́dúnrún yẹn, kílò 136 ni. Ọmọ iṣẹ́ tó wọn kílò 80, bẹ́lítì, díríìlì, páákì, pẹ̀lú ṣíìtì Alucobond ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 tó tó nǹkan bíi kílò 16, ó ti ń kún lọ nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ méjì ò gbọ́dọ̀ jọ wọ̀ ọ́, bó ti wù kí wọ́n máa bẹ̀ yín pé àwọn ò sanra. Ẹ sì kíyè sí afẹ́fẹ́. Ẹ mọ bí ìjì ṣe máa ń ṣáájú òjò ọ̀sán. Ẹni tó bá di odindi ṣíìtì mú lókè nígbà yẹn ti di ìgbòkun.

Ní ti rírà, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń gba èbúté Tin Can àti Àpápá wọlé, ilé iṣẹ́ iná tàbí ti tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà ló ti lò ó rí. Ti tẹlifóònù kì í sábà ní apá tó ń dènà iná, torí náà ẹ má ṣe rí apá funfun kí ẹ pè é ní fáíbà, ìyẹn èyí tí iná kì í gbà kọjá. Kódà fáíbà gan-an, wọ́n máa ń dán an wò pẹ̀lú iná ńlá lóòrèkóòrè kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Èyí tó ti jẹ òjò àti eruku láìsí ẹni tó dán an wò, irin ni kí ẹ kà á sí.

Máìlì kékeré ò jẹ́ nǹkan kan lára ọkọ̀ yìí. Ojú kan ló máa ń dúró sí, tí ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ kí pọ́ńpù lè rí òróró fi gbé apá. Mítà máìlì ò ka ìyẹn. Mítà wákàtí ni kí ẹ wò. Ẹ wọ abẹ́ ibi tí apá ti jókòó sórí ṣásí, kí ẹ wo àwọn bóòtù àti ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Tí ọ̀dà ibẹ̀ nìkan bá tuntun tí ìyókù ọkọ̀ gbó, ẹ bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé apá dé agbedeméjì, ẹ wọn gíga rẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ lọ jẹun. Tó bá ti wálẹ̀ kí ẹ tó dé, fáàfù tàbí sílíńdà ń jò nínú. Ẹ dán pọ́ńpù kékeré tó ń lo bátìrì wò, èyí tí a fi ń sọ ẹni tó wà lókè kalẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Òkú ni mo sábà máa ń bá a lára tòkunbọ̀, alágbàtà ò sì ní mẹ́nu bà á. Ẹni tó wà nílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lè gba ìdarí lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè.

Tí wọ́n bá ní ẹnubodè Sèmè ló gbà wọlé, ẹ rántí pé láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a dúró lójú ọ̀nà Ìbàdàn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ń dúró dè yín.

Wàyí o, wáyà. Ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Wáyà iná fóltì 11,000 àti 33,000 ló ń kọjá níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí à ń bá ṣiṣẹ́, àwọn míì ò sì jìnnà sí bákónì. Mítà mẹ́ta ni mo fi ṣe òfin: bọ́kẹ́ẹ̀tì, apá, èèyàn, irin ọwọ́ rẹ̀, ìkankan ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wáyà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ sọ fún yín pé iná ò sí. Àwọn àdúgbò kan wà ní Band A, ìpele àwọn tó ń san owó iná tó ga jù, tí iná gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán. Níbi tí iná ò tilẹ̀ sí, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan tí kò so ó dáadáa lè ti iná padà sínú wáyà, kí tìràńsífọ́mà sì sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, Ikeja Electric, Eko tàbí IBEDC, ẹni tó bá ni ibẹ̀, kí òṣìṣẹ́ wọn wá pa á, kí ó sì dúró tì yín títí ẹ óò fi parí. Ẹ fi owó àti ọjọ́ rẹ̀ kún iye tí ẹ máa pè. Tí oníbàárà bá ní ó pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kó wá ẹlòmíràn.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó máa ń nà jáde, ẹ má gbé e lé orí ìdérí gọ́tà láéláé. Ọ̀kan fọ́ lábẹ́ tiwa ní Challenge, Ìbàdàn, Ọlọ́run ló yọ wá pé apá ò tíì gòkè. Pákó tó nípọn, tó fẹ̀, máa ń wà nínú ọkọ̀ wa nígbà gbogbo, kódà fún íntálọ́ọ̀kù ilé epo. Bẹ́lítì sì gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó gòkè, kí ó so ó mọ́ ara apá, kì í ṣe mọ́ irin pátákó.

Tí rọ́bà tí òróró ń gbà dé apá bá bẹ́, ẹ máa rí ẹni bá yín tẹ̀ ẹ́ ní ọjà Ládípọ̀. Fáàfù ìdarí ló máa ń wá láti òkè òkun, dọ́là sì ni wọ́n fi ń díyelé e. Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, ẹ ò lè mọ iye tí yóò jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa náà á máa wá háyà rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má kọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tiyín ni kí ó wa á, òun náà ni kí ó máa darí apá. Ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ LASAA (àjọ tó ń bójú tó pátákó ní Èkó) ti pátákó náà hàn yín kí ọkọ̀ tó kúrò nílé.

Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín gbé e jáde kúrò nínú ọgbà, kí ó kó àpò sìmẹ́ǹtì méjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí apá wà lókè fún wákàtí kan, kí ó máa yí i sọ́tùn-ún sósì láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Tó bá ní epo ò sí, ẹ ra epo fún un. Tó bá tún rí àwáwí mìíràn wí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa bọ̀ nílé, kí ẹ ṣì máa háyà lọ ná.