Ẹsẹ̀ tóbi, òkè ara ò tóbi: ṣé ọ̀rá lásán ni àbí lipedema?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 36 ni mí. Látìgbà tí mo ti bímọ kejì ni ìdí àti itan mi ti ń tóbi sí i, ẹsẹ̀ méjèèjì rí bákan náà, wọ́n sì máa ń ro mí. Tí mo bá kàn fara gbá tábìlì díẹ̀ báyìí, ibẹ̀ á dúdú. Mo dín oúnjẹ kù, ojú àti ọrùn mi gbẹ, ẹsẹ̀ ò yí padà rárá. Ìyá ọkọ mi ní jàkùtẹ̀ ni, àwọn ará ibi iṣẹ́ ní àjẹjù ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ṣe ò sì rí nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ n tibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ obìnrin láàmú: kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa sọ pé lipedema nìyí o. Ìtàn tẹ́ ẹ bá sọ, pẹ̀lú ojú àti ọwọ́ dókítà lára ẹsẹ̀ yín, la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tá a gbà, ká lè mọ̀ bóyá kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí táírọ́ìdì (ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn) ló ń wú ẹsẹ̀ ni. Tí kò bá rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé irọ́ lẹ̀ ń pa.

Ọ̀rá tó ń kóra jọ sábẹ́ awọ ní ìdí, itan, ojúgun, nígbà míì apá, ni lipedema. Àwọn obìnrin nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣe, ó sì sábà máa ń yọjú nígbà tí họ́mónù bá ń yí: ìgbà ìbàlágà, oyún, tàbí tí nǹkan oṣù bá ń dáwọ́ dúró. Ó máa ń wà nínú ìdílé, torí náà ẹ rọra béèrè bí ẹsẹ̀ màmá yín àtàwọn àǹtí yín ṣe rí (ẹ fọgbọ́n béèrè o, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè itan). Àwọn dókítà méjì kan, Allen àti Hines, ti kọ nípa ẹ̀ ní Mayo Clinic l'Amẹ́ríkà láti 1940, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń rí i tí wọ́n á kàn ní kẹ́ ẹ lọ dín oúnjẹ kù.

Ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀ yín. Ní lipedema ọ̀rá máa ń pin síbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi rọ́bà dí ẹnu ṣòkòtò, tí àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka ò ní wú. Ẹ wá fi ìka méjì gbá awọ orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò mú, kẹ́ ẹ gbé e sókè. Tí kò bá ṣeé gbé, tó le tó nípọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ara tí ò ríbi gbà, ìyẹn lymphedema, jàkùtẹ̀ sì wà lára ohun tó ń fà á. Jàkùtẹ̀ kì í fi àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan sì sábà máa ń wú ju èkejì lọ. Kòkòrò tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ló ń fà á, alẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ láti wá a torí alẹ́ ló ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mọ́lẹ̀ díẹ̀. Tó bá jin kòtò tí kò tètè kún, omi ni, kí wọ́n wo ọkàn àti kíndìnrín.

Ẹni tó ní lipedema lè sanra náà o, méjèèjì lè pàdé lára ẹnì kan, torí náà ẹ má pa oúnjẹ tó dáa tì, àmọ́ ẹ má retí pé ẹsẹ̀ á gbẹ bí ojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra Lasix, oògùn tó ń múni tọ̀, ní kẹ́mísì: ọ̀rá ni, kì í ṣe omi, ẹ kàn máa tọ̀ lemọ́lemọ́ títí tó fi máa rẹ̀ yín ni. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ yín kí wọ́n tó fún yín, lúwẹ̀ẹ́ tàbí rírìn nínú omi, ló máa ń dín ìrora kù. Àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń fa ọ̀rá yẹn jáde, ó wọ́n, kì í sì í ṣe ohun àkọ́kọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ mú fọ́tò yín tó ti pẹ́ dání, ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó rí ẹsẹ̀ láti ìdí dé ọmọ ìka, kì í ṣe ká ká síkẹ́ẹ̀tì dé orúnkún. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ṣàdédé wú, tó gbóná tó ń dunni, tàbí tí èémí ń ṣòro, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ẹ gba hospital lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.