Ẹ má tíì fọwọ́ kan póìntì wọn

Akọ̀wé líìgì, okun o. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé kalẹ̀ ṣe yé mi nìyí: líìgì ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ kan gba ọmọ gólí tuntun tí kò tíì pé ọdún 18. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń fọ bàtà gbogbo wọn, wọ́n tún ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n sì jù ú sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ọmọ ò yọjú mọ́. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ yín ní kí ẹ yọ póìntì 9 lára ẹgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ní àpárá ọmọkùnrin ni, kí ẹ jágbe mọ́ wọn kó tán síbẹ̀.

N kò fara mọ́ èyíkéyìí. Ẹni tó hùwà, ìyà ìwà rẹ̀ ni kó jẹ. Ẹgbẹ́ ní tirẹ̀, ohun tí àwọn alákòóso ṣe láti ọjọ́ tọ́rọ̀ ti dé etí wọn ni kí ẹ fi dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀sùn méjì ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé méjì, kí ìyà rẹ̀ náà jẹ́ méjì. Bí ẹ bá pò ó pọ̀, àwọn alákòóso á sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn ọmọ, tàbí kí odindi ẹgbẹ́ máa jìyà ẹni mẹ́ta.

Ẹ wo Miami Dolphins nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Oṣù Kẹwàá 2013 ni Jonathan Martin, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìwé ìwádìí tí agbẹjọ́rò Ted Wells darí jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2014, ojú ewé 144. Ó ní Richie Incognito, John Jerry àti Mike Pouncey, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, ló ń fòòró Martin, wọ́n ń fòòró ọ̀dọ́ mìíràn kan, wọn ò sì yọ igbákejì olùtọ́jú ara sílẹ̀. Ohun méjì wà nínú ìwé yẹn tó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ ìbáwí há sórí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ owó ìtanràn tí wọ́n ń bù fún ara wọn sí. Bí Martin ṣe lọ, Incognito ní kí wọ́n ba ìwé náà jẹ́. Èkejì, Jim Turner, ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì, ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rọ Martin pé kó sọ̀rọ̀ gbe Incognito lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ lé Turner àti olórí olùtọ́jú ara kúrò lóṣù tí ìwé Wells jáde. Líìgì ńkọ́? Ọdọọdún làwọn ẹgbẹ́ NFL máa ń yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìpele-ìpele; líìgì kò gba ẹ̀tọ́ àtiyàn kankan lọ́wọ́ Miami. Nígbà tí ẹgbẹ́ yìí kan náà wá lọ ń bá agbábọ́ọ̀lù Tom Brady dúnàádúrà lẹ́yìn ẹgbẹ́ tó ni ín, NFL gba ẹ̀tọ́ ìpele kìíní ti 2023 àti ìpele kẹta ti 2024, wọ́n sì bu mílíọ̀nù 1.5 dọ́là lé ẹni tó ni ẹgbẹ́. Oṣù Kẹjọ 2022 nìyẹn. Ẹ fúnra yín mọ èyí tó dun líìgì jù.

NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín, gbá a mú níbi tó yẹ. Lóṣù Kẹwàá 2021 wọ́n bu mílíọ̀nù 2 dọ́là fún Chicago Blackhawks. Ẹ̀sùn tó bí i wúwo ju tiyín lọ, ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi kan kóòṣì fídíò ní 2010. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ bu owó: àwọn ọ̀gá gbọ́, wọ́n ṣèpàdé lé e lórí, wọ́n sì jókòó tì í fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí ìdíje ife-ẹ̀yẹ fi parí. Owó ìjókòó-tì-í ni wọ́n san.

Ó yá, ti ọ̀dọ̀ wa. Láàárín wákàtí 24 tí ẹ gba ẹ̀sùn, lẹ́tà méjì ni kó jáde. Ọ̀kan á lọ sí ẹgbẹ́: kí àwọn tí wọ́n dárúkọ má ṣe wá síbi ìgbáradì títí ẹjọ́ á fi parí, kí alákòóso kankan má ṣe pe ọmọ náà tàbí òbí rẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n má sì pa ohunkóhun rẹ́ lórí WhatsApp. Èkejì á lọ sọ́dọ̀ òbí: orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ní líìgì tí wọ́n lè pè, àti ọjọ́ ìjókòó. Ẹ má ṣe ní kí ọmọ náà ni kó máa sá fún wọn. Bí ẹ bá sọ fún un pé kó lọ sinmi nílé díẹ̀, ẹ ti jẹ ẹ́ níyà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ má ṣe ní kí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ sí yín. Fọ́tò ìhòòhò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè bọ́ sábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015, ẹni tó ní i lọ́wọ́ àti ẹni tó pín in sì lè jọ jẹ́jọ́. Kí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ rí i lórí fóònù ẹni tó mú un wá, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, nọ́ńbà tó fi í síbẹ̀, ọjọ́ àti aago, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Fún ọ̀rọ̀ inú ẹgbẹ́ WhatsApp, fọ́tò ojú fóònù (screenshot) kò tó, torí wọ́n lè gé èyí tó wù wọ́n. Ẹ lo Export chat, kí ẹ yan èyí tí kò ní kó fọ́tò àti fídíò dání. Yóò kó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà tó ṣì wà lórí fóònù jáde bí ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Kí ẹ ṣe é lọ́jọ́ kìíní, nítorí ẹgbẹ́ WhatsApp mìíràn ti to tiwọn kí ọ̀rọ̀ máa pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24 tàbí ọjọ́ 7. Ọ̀rọ̀ fọ́tò náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òbí àti ọlọ́pàá mọ̀. Líìgì kì í ṣe kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta tó, kí ìjókòó sì wáyé láàárín ọjọ́ 7. Ní ìlú bí Ìsánlú àbí Mọ̀pà, ní ìpínlẹ̀ Kogi níbí, ta ni kì í ṣe àna ẹnì kan? Bí líìgì bá jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Yagba East, ẹ wá ẹnì kan láti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, bí Ìjùmú tàbí Kabba, ẹni tí kóòṣì ò lè sáré dé ilé rẹ̀ lálẹ́. Kí obìnrin wà níbẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Bí ọmọ náà bá fẹ́ sọ̀rọ̀, òun àti òbí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbọ́ lẹ́nu, kí àwọn tí ó fẹ̀sùn kàn má sí nínú yàrá. “Ẹ jẹ́ ká parí ẹ nílé” máa wọlé kó tó di ọjọ́ kẹta, ó dá mi lójú. Àwọn àgbà lè bá àwọn òbí làjà bó bá wù wọ́n. Ìyẹn ò gbọdọ̀ pa ẹ̀sùn líìgì.

Ẹ pe àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó kéré jù àti àwọn tí kì í sábà wọlé gbá, ẹ kàn sí ẹni tó ń tọ́jú jẹ́sì, lẹ́yìn náà kápútéènì, kóòṣì ló kẹ́yìn. Bí kápútéènì bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni gbogbo wọn á máa tún sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ má bi wọ́n pé “ṣé wọ́n ń fòòró rẹ̀?” Rárá ni wọn ó wí. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló ń ra omi? Ta ló fọ bàtà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ta ló fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn? Èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tuntun, ta ló ń kó o, ìwé wo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí? Bí ìwé bá wà, ẹ gbà á lójú ẹsẹ̀. Àwàdà a máa yí kárí. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe é sí, tí kò sì lè kọ̀ láìjìyà, kì í ṣe àwàdà mọ́. Bí wọ́n bá sọ pé ọmọ náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ rántí pé Martin àti Incognito náà máa ń tẹ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ síra wọn, ìwé Wells kò sì torí ìyẹn dá Incognito láre.

Ìyà tí mo bá fọwọ́ sí: ẹni tó ya fọ́tò tó sì fi í síta, kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà yìí. Ẹni tó gba owó, kó dá gbogbo ẹ̀ padà, kó jókòó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4. Bí ẹlẹ́ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ bá wà lábẹ́ ọdún 18, ẹ gé e sí ìdajì, kí òbí rẹ̀ sì wá. Kápútéènì tó mọ̀ tó dákẹ́, ẹ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòṣì tó mọ̀ tó dákẹ́, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6 láì dé ẹ̀gbẹ́ pápá. Èyí tó bá lọ bẹ ọmọ náà tàbí dẹ́rù bà á kó yí ọ̀rọ̀ padà, sáà kan gbáko, torí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹgbẹ́ tó mú ẹjọ́ ara rẹ̀ wá láàárín ọjọ́ méjì, lẹ́tà ìkìlọ̀ tó o. Bí ẹ bá fìyà jẹ òun náà bíi ti ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò tún sọ fún yín mọ́. Ẹgbẹ́ tó mọ̀ tí kò sọ, owó ìtanràn ìlọ́po méjì owó ìforúkọsílẹ̀, àti póìntì 3 tí ẹ gbé kọ́: bí wọ́n bá ṣe gbogbo ohun tí ẹ là sílẹ̀ títí sáà á fi parí, ẹ ò ní yọ ọ́. Ẹgbẹ́ tó pa ẹ̀rí rẹ́ tàbí tó halẹ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí nìkan ni kí ẹ yọ tiwọn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bu 9. Líìgì ẹgbẹ́ 8 tí wọ́n ń pàdé lẹ́ẹ̀kan, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, póìntì 21 ló pọ̀ jù tí wọ́n lè ní. Póìntì 3 ti kó ìdá kan nínú méje lọ. Póìntì 9 ti pa sáà wọn. Kì í ṣe ilé kóòṣì làwọn alátìlẹ́yìn máa gbà lọ, ilé ọmọ yẹn ni. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbé e kọ́ nìyẹn: ọwọ́ àwọn alákòóso ni póìntì wà, bó bá lọ, àwọn ló sọ ọ́ nù.

Ẹ má fún ẹgbẹ́ mìíràn ní ayò 3 sí 0 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni kan ṣoṣo ló máa jàǹfààní rẹ̀, àwọn yòókù á sì bínú. Ẹ má gba pápá ilé lọ́wọ́ wọn náà. Ẹgbẹ́ Ìsánlú tí ẹ bá ní kó máa gbá tilé ní Kabba, àpò àwọn ọmọ ni owó ọkọ̀ yẹn á ti jáde. Owó ìtanràn pàápàá, inú àkáǹtì líìgì ni kó wọ̀ láti ọwọ́ alága tàbí akápò, kí wọ́n sì kọ̀wé pé wọn ò dá a lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù kankan.

Òfin yín náà nílò àtúnṣe, àmọ́ sáà tó ń bọ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀. Fún ti báyìí, ẹ lo abala ìwà tó ń ba orúkọ ìdíje jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, kíláàsì, inú ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn ilé ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń wọ jẹ́sì. Bí òfin bá pe “yàrá ìmúra” nìkan, wọ́n á ní ibẹ̀ kọ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ibikíbi tí ẹgbẹ́ bá ti kó àwọn ọmọ jọ, títí kan ilé tí wọ́n sùn àti orí fóònù.

Nínú ìkéde ẹjọ́, ẹ má dárúkọ ọmọ náà, ẹ má sì kọ “gólí” síbẹ̀. Gólí tuntun kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní, gbogbo ìlú á mọ̀ ọ́n. Bó bá fẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn, kí lẹ́tà ìtúsílẹ̀ jáde láàárín ọjọ́ 3 láìgba kọ́bọ̀. Bí ìforúkọsílẹ̀ bá ti parí, ẹ ṣí i fún òun nìkan. Bàtà àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, kí ẹni líìgì lọ gbà á wá.