Fóònù kan, ọmọ mẹ́ta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ti dé ibi gbogbo, kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ọmọ mi mẹ́ta ló ń du fóònù mi kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà ọmọ o, mà. Nẹ́tíwọ̀kì nìkan kọ́ nìṣòro. Lọ́dún 2024, ITU, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.6 èèyàn ni kì í lò ó, bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọ̀kì wà ládùúgbò ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó fóònù àti dátà ni ò sí, àbí wọn ò mọ̀ ọ́n lò. Ọmọ tó ń fi àtàǹpàkò tẹ àròkọ sórí fóònù tójú ẹ̀ ti sán, tí kò tíì kọ ìlà méjì tí àbúrò ẹ̀ ti ń sunkún pé ó kan òun, wọ́n á ní òun náà "wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì" bíi ti ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ (ìṣirò yẹn máa ń bí mi nínú gan-an ni!). Ẹ bá tíṣà wọn sọ ọ́, kó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní fáìlì tẹ́ ẹ máa dáùnlóòdù lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé, kẹ́ ẹ wá ya fọ́tò ìdáhùn wọn ránṣẹ́ padà.