Ṣé audio interface olówó pọ́ọ́kú lè wọn ámpù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ámpù ni mò ń tún ṣe nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí. Ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn tó ń gbé sípíkà lọ sóde àríyá ló pọ̀ jù. Etí lásán ni mo fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti dáa. Mo ra Behringer UMC202HD, audio interface tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé e jáde, kí n lè máa fi wọn ámpù, ni ọ̀rẹ́ mi bá ní mo kàn fi owó ṣòfò ni, àfi ẹ̀rọ ńlá. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, owó rẹ ò ṣòfò. Kí ọ̀rẹ́ rẹ kọ́kọ́ bá ọ san owó ẹ̀rọ ńlá náà ná! Ṣùgbọ́n interface tó jẹ́ òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n.

Gba REW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn ohùn, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Fi wáyà TRS (èyí tí ẹnu rẹ̀ ní òrùka dúdú méjì) so ojú ìjáde interface mọ́ ojú ìwọlé rẹ̀. Pa 48V (iná tí interface ń fún máíìkì), kí o sì pa direct monitor, torí bí o bá fi direct monitor sílẹ̀, ohun tó wọlé á tún máa jáde, á máa yípo. Fi REW rán ohùn 1 kHz jáde, kí o wá wo 2 kHz àti 3 kHz lójú RTA, àwòrán inú REW tó ń fi agbára ohùn kọ̀ọ̀kan hàn. Ohun tó bá yọ níbẹ̀, ti interface ni. Máa yí gain (bọ́tìnnì tó ń mú ohùn tó wọlé lágbára) díẹ̀díẹ̀ títí o fi máa rí ibi tó ti mọ́ jù, kí o fi máákà sàmì sí i.

Ká ní ohun tó yọ náà fi 90 dB (òṣùwọ̀n agbára ohùn) rẹlẹ̀ sí 1 kHz, ìdàrú ohùn 0.003% nìyẹn. Ámpù tó bá mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, interface yẹn kò lè wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ámpù tó wà ní 0.1%, 60 dB péré ni ìdàrú rẹ̀ fi rẹlẹ̀, á hàn kedere.

Bí 50 Hz bá ń kùn, yọ ṣájà laptop kí o tó dá ámpù lẹ́bi. Bí ó bá lọ, ṣájà ló fà á. 100 Hz ní tirẹ̀, kàpásítọ̀ páwà ni kí o yẹ̀ wò.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí rèé: ámpù 100 W lórí 8 Ω ń gbé nǹkan bíi 28 V jáde. Má kì í bọ inú interface ní tààrà o! Fi résítọ̀ 10 kΩ àti 1 kΩ tó tẹ̀léra pín in, á kù bíi 2.6 V lórí 1 kΩ, ibẹ̀ ni kí o ti mú un lọ sí interface. Tó bá sì jẹ́ ámpù bridge (èyí tí ámpù méjì inú rẹ̀ jọ ń ti sípíkà kan), ojú dúdú rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀. Bí o bá so ó mọ́ ilẹ̀ interface, transistor lè jó lójú ẹsẹ̀. Fi mítà wò ó láti ojú dúdú sí ara irin ámpù nígbà tí ohùn ń lọ. Bí fólítì bá wà níbẹ̀, má so ó rárá.