Wọ́n ní kọtísọ́ọ̀lù mi kéré, àmọ́ ojú mi ń wú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹni ọdún 34 ni mí. Ó ti tó bí ọdún kan tójú mi ti ń wú, tó rí roboto, ikùn mi ń yọ síta àmọ́ apá àtẹsẹ̀ mi ń tín-ín-rín. Àwọn ìlà fẹ̀ǹfẹ̀ tó pọ́n dúdú jáde sí mi níkùn àti nítan, tí mo bá fẹ́ dìde lórí àga àfi kí n fọwọ́ ti orúnkún, BP mi lọ sókè, nǹkan oṣù mi náà ń ṣe ségesège. Àwọn èèyàn ní mò ń jayé ni. Mo lọ ṣe tẹ́sìtì kọtísọ́ọ̀lù, họ́mọ́ọ̀nù kan tí ara ń ṣe, láàárọ̀, wọ́n ní kò pọ̀ rárá, ó tiẹ̀ kéré. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni? Mi ò lo oògùn kankan o, àfi ìpara tí wọ́n ń pò fún mi lọ́jà. (Òǹkàwé yín, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbàgbé ẹ̀ o, àǹtí mi! Ìpara tẹ́ ẹ dárúkọ kẹ́yìn yẹn gan-an ló ká mi lára. Clobetasol tàbí betamethasone ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń pò bẹ́ẹ̀, steroid ni wọ́n, ìyẹn oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi kọtísọ́ọ̀lù, téèyàn bá sì ń fi wọ́n para látòkè délẹ̀ lójoojúmọ́ wọ́n á wọnú ẹ̀jẹ̀, ara á gbà pé kọtísọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù, ọpọlọ ò ní ránṣẹ́ mọ́ sí adrenal, ẹ̀yà ara tó wà lórí kíndìnrín tó ń ṣe kọtísọ́ọ̀lù, adrenal á wá sùn lọ. Kọtísọ́ọ̀lù tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe ni láàbù wọ̀n, wọn ò wọn ti inú ìpara, ìdí nìyẹn tí èsì fi kéré nígbà tí ojú ń wú. Steroid láti ìta ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àìsàn yìí, Cushing ni wọ́n ń pè é.

Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ìpara yẹn nù lónìí o! Adrenal tó ti sùn ò lè jí lọ́jọ́ kan, BP lè já wálẹ̀ lójijì, ó lè la ẹ̀mí lọ. Ẹ kó ìpara náà, àgúnmu, abẹ́rẹ́ oríkèé, gbogbo ẹ̀ pátá, lọ bá dókítà họ́mọ́ọ̀nù, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀. Wọ́n á wo kọtísọ́ọ̀lù aago mẹ́jọ àárọ̀ pẹ̀lú ACTH, họ́mọ́ọ̀nù tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí adrenal, wọ́n á wá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí ò bá lo steroid kankan ni tẹ́sìtì tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ kan ṣoṣo ò tó torí àárọ̀ ni kọtísọ́ọ̀lù máa ń pọ̀, òru ló yẹ kó lọ sílẹ̀. Wọ́n lè gba itọ́ ẹnu lóru, tàbí ìtọ̀ wákàtí 24, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì, tàbí kẹ́ni náà lo oògùn steroid kan, dexamethasone 1 mg, láago mọ́kànlá alẹ́, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀: tí kọtísọ́ọ̀lù inú ẹ̀ bá ju 50 nmol/L lọ, ó yẹ kí wọ́n wádìí síwájú. Oògùn ìfètòsọ́mọ-bíbí oníhóró lè da èsì yìí rú, ẹ sọ fún wọn tẹ́ ẹ bá ń lò ó.

Tí èébì bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má dúró de ọjọ́ clinic, emergency ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé ìpara steroid lẹ̀ ń lò.