Ẹ Bi Wá: Aláìsàn Mi Ò Fẹ́ Fi Sìgá Sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, kílíníìkì àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo wà. Tí mo bá ti ní kí aláìsàn fi sìgá sílẹ̀, á ní "ó ti yé mi, Nọ́ọ̀sì", tó bá tún máa fi padà wá, òórùn sìgá á ti ṣáájú ẹ̀ wọlé. Ó ti sú mi, èrò sì máa ń pọ̀ níta. Ṣé kí n kàn máa wò wọ́n ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má wò wọ́n o, ẹ jọ̀ọ́. Wàásù yẹn lẹ máa fi sílẹ̀. Ẹni tó ń mu sìgá ti mọ̀ pé ó ń pa èèyàn, wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀, ìyàwó ti sọ ọ́, ọmọ ti sọ ọ́, tí nọ́ọ̀sì náà bá wá tún un sọ, ó kàn ń dúró kẹ́ ẹ parí ni. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Níkótíìnì inú èéfín yẹn, ìyẹn ohun tó ń sọ sìgá di bárakú, bíi ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 ló fi ń dé ọpọlọ, ọpọlọ á ti mọ̀ ọ́n lára, tí ò bá wá rí i mọ́, ara ò ní balẹ̀, inú á máa bí i, oorun ò ní wá. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ó sì lè tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó rọlẹ̀ dáadáa. Ẹ sọ èyí fún un ṣáájú, torí ẹni tí ò mọ̀, tí ara bá ti ń ni ín lọ́jọ́ kejì báyìí, á rò pé òun ò lè ṣe é ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún ọ̀rọ̀ yìí, kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ nígbàkígbà tó bá wá ni kẹ́ ẹ máa bi í, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Ẹ bèèrè aṣáà àti shisha náà o, ẹni tó ń lo aṣáà á ní òun ò mu sìgá, kò sì parọ́. Ẹ wá so ó mọ́ àìsàn tiẹ̀ gan-an: ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá jọ ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹni tó bá sì fi sìgá sílẹ̀ fọ́dún kan, ewu àrùn ọkàn tiẹ̀ á ti wálẹ̀ sí bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù rèé: "Ṣé ẹ ti fi sílẹ̀ rí? Kí ló mú yín padà sí i?" Tó bá ní ọtí ni, tàbí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ niṣẹ́ yín wà, kì í ṣe lórí ẹ̀dọ̀fóró tẹ́ ẹ ti ń yà fún un látọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kó mú ọjọ́ kan tó máa fi sìgá sílẹ̀, kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kẹ́ ẹ sì pè é lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ tó bá fi sílẹ̀. Tó bá lóun ò tíì ṣe, ẹ má bá a jà, ẹ ní ẹ ṣì máa bi í nígbà mí-ìn. Ẹ má sì jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo, ọ̀rọ̀ ìtọ́ni pẹ̀lú oògùn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Nínú ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé WHO gbé jáde ní 2024, oògùn níkótíìnì (bíi ṣíńgọ̀mù àti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara), varenicline, bupropion àti cytisine ni wọ́n dárúkọ. Ẹ má fún ẹni tó ní wárápá ní bupropion ṣá.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta oògùn ní fámásì. Ẹnì kan ra ṣíńgọ̀mù níkótíìnì, ó padà wá pé ó ń ta òun lọ́fun, ó sì ń mú òun ṣe òsúkè, ó fẹ́ gbowó ẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe jẹ ẹ́, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ó jẹ ẹ́ bíi ṣíńgọ̀mù ọmọdé ni. Ṣe ló máa rọra jẹ ẹ́ títí táá fi máa ta á lẹ́nu, á wá fi sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, tí títa yẹn bá lọ kó tún jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ títí bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó má mu kọ́fí tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú ẹ̀, kò ní wọlé dáadáa. Ẹni tó ń mu sìgá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó bá jí, 4 mg ni tiẹ̀, àwọn yòókù 2 mg. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara pẹ̀lú ṣíńgọ̀mù yẹn tún dáa ju ọ̀kan ṣoṣo lọ.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé a lè ní káwọn náà fi sìgá sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀tọ́ wọn ni. Àmọ́ èéfín sìgá máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lo clozapine àti olanzapine, ìyẹn oògùn àìsàn ọpọlọ, tán, tí aláìsàn bá wá dáwọ́ sìgá dúró, oògùn á pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú kó lè wò ó bóyá kóun dín in kù. Oògùn níkótíìnì kì í fa ìyẹn, èéfín ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́fí máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá fi sìgá sílẹ̀, ẹ ní kó dín in kù, torí àìsùn tẹ́ ẹ rò pé àìrí sìgá ló fà á, kọ́fí lè wà nídìí ẹ̀.